Tíṣà Rosaline àti Àlejò Tó Wá Yẹ Ẹ̀fọ́ Wò

Rosaline ọ̀rẹ́ mi kì í gbàlejò lásán. Bí àlejò bá ń bọ̀, á gbá ilé, á gbá ìta, á tún gbá iwájú ilé aládùúgbò mọ́ ọn. Ọdún márùndínlógójì ló fi ṣe tíṣà ní Yaba. Látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀fọ́ ló ń gbìn sẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Àgùdà: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewúro. Ìgbẹ́ adìyẹ nìkan ló fi ń ṣe ajílẹ̀. Gbogbo ohun tó bá sì ṣe nínú ọgbà lójúmọ́ ló ń kọ sínú ìwé kan, àfi bí ẹni tí ọ̀gá iléèwé ṣì ń bọ̀ wá yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò.

Irú ẹ̀fọ́ yìí, tí èmi náà ń gbìn, ni ilé ìtajà ńlá kan ní Sùúrùlérè ò gbà lọ́wọ́ wa. Èyí tí wọ́n fi bàálù kó wá láti òkè òkun ni wọ́n tò síbẹ̀. Ó ti rọ, ó sì fi ìlọ́po mẹ́rin wọ́n ju tiwa lọ, àmọ́ òǹtẹ̀ wà lára ọ̀rá rẹ̀ pé wọn ò fi kẹ́míkà gbìn ín. Inú bí mi gan-an. Máníjà ní kí àwa náà lọ gba ìwé ẹ̀rí. Owó rẹ̀ ò ṣeé dá san, ni àwa obìnrin mẹ́rin tá à ń gbin ẹ̀fọ́ ládùúgbò bá forúkọ sílẹ̀ pa pọ̀. Bí ẹnì kan nínú wa bá fìdí rẹmi, gbogbo wa la máa fi ọdún kan gbáko dúró.

Dennis ni àwọn tó ń fúnni níwèé ẹ̀rí náà rán wá láti yẹ̀ wá wò. Ó yẹ ọgbà tèmi àti ti àwọn méjì yòókù, ó ní ó dára. Ó wá kan ti Rosaline. Ìta mọ́ tónítóní, àga wà lábẹ́ igi, mínírà tútù wà lórí tábìlì. Dennis ò rí àléébù kankan. Ó ti mú bírò jáde kó tó ṣí ìwé Rosaline, ó wá kà á sókè:

"Ọjọ́bọ̀. Mo fín oògùn ẹ̀fọn sáàárín ebè, kí ẹ̀fọn má baà jẹ àlejò wa."

Ó dá bírò rẹ̀ padà sápò. "Mọ́mì, ẹ má bínú. Rúùlù ò gba oògùn ẹ̀fọn nínú ọgbà rárá."

Mo fa Rosaline sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Kí ló dé tó o fi kọ ọ́? O ò kúkú ya ojú ewé yẹn kó tó dé?"

"Mo ṣe é, ni mo ṣe kọ ọ́. Nàfísátù, ṣé kí n wá máa parọ́ fún ìwé ara mi ni?"

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀. Ṣọkọ tó fi ń bẹ̀ mí, mo gbà á, mo sè é, mo jẹ ẹ́. Mi ò kàn dúpẹ́ ni.

Ọdún yípo, Dennis padà dé nígbà tí òjò ti mú kí ẹ̀fọn pọ̀ rẹpẹtẹ. Bó ṣe ń ṣí ìwé ló ń họ ọrùn, títí tó fi dé ojú ewé tó kẹ́yìn:

"Àlejò ń bọ̀ lọ́la. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n kí ẹ̀fọn máa jẹ ẹ́."

Dennis rẹ́rìn-ín títí. Rosaline ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó dúró sẹ́yìn ọmọ náà, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ lé ẹ̀fọn fún un, títí tó fi buwọ́ lu ìwé ẹ̀rí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.