Ọkùnrin tó máa ń ní kí n dẹwọ́

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dẹwọ́!" Ohùn ọkùnrin kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ní Múṣin nìyẹn, kò sì kúrò létí mi títí dòní. Ta ló ń dẹwọ́ nígbà tí mọ́tò ń fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀?

Tí mo bá ti ń sáré sọ̀ kalẹ̀ láti orí afárá Ojúẹlẹ́gba, hándù kẹ̀kẹ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrì bí ẹni tí ibà ń ṣe. Èmi náà á dì í mú gírígírí, màá dijú, màá pe ẹ̀jẹ̀ Jésù. Bí mo ṣe ń dì í mú sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń gbọ̀n sí i.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ bá ọkùnrin yẹn, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, mo ní táyà ló bàjẹ́. Kì í kọ́kọ́ wo táyà. Àtẹ́lẹwọ́ mi ló máa ń yẹ̀ wò, á wá pòṣé.

"Ẹ wo bó ṣe pọ́n! Kẹ̀kẹ́ ò ṣàìsàn o. Ẹ fi orúnkún méjèèjì há irin àárín rẹ̀, kẹ́ ẹ rọra máa tẹ bíréèkì. Ẹ lè pe Jésù, ṣùgbọ́n ẹ lajú."

"Ṣé ìwọ ti gun afárá yẹn rí ni?"

Ó mú mi lọ sídìí afárá náà. Ó gba kẹ̀kẹ́ mi, ó gùn ún lọ sórí afárá, ó sì sáré sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, ó ń fi ọwọ́ kan jẹ bọ̀ọ̀lì. Hándù ò mì rárá. Inú bí mi gan-an.

"Ẹ̀gbọ́n, ó kàn yín."

Mo ní orúnkún ń ro mí. Mo fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ tí nǹkan kan ò ṣe délé, lórí ilẹ̀ títẹ́jú.