Ìwé Aláwòrán Tí Wọ́n Fi Ń Di Ìṣó

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní àdúgbò Banifandou níhìn-ín, bébà tí bàbá mi fi ń di ìṣó fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ọjà Katako ni èmi fi ń ṣeré. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Láti Kano ni wọ́n ti ń kó o wá ní ẹrù-ẹrù, ìwé aláwòrán tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tọkùnrin wà lọ́tọ̀, tobìnrin wà lọ́tọ̀. Ogun àti bọ́ọ̀lù ló kún inú tọkùnrin. Nínú tobìnrin, ọmọ òrukàn ni wọ́n máa ń fìyà jẹ.

Iléèwé Faransé ni mò ń lọ, n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ti kàwé díẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá ìyá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń sọ ọ́ di Yorùbá fún mi. Bó bá kan ọ̀rọ̀ ẹni burúkú, á yí ohùn padà, èmi á sì sá mọ́ ọn lára. Ìwé náà kì í wá létòlétò. Bí a bá ka ti ọ̀sẹ̀ kan, tí ọmọ òrukàn wà nínú ewu, ẹ̀gbọ́n mi á tú gbogbo ẹrù bàbá wa kó lè rí èyí tó tẹ̀ lé e.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ooru, ó gbé ìwé sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀.

Ó ní, "Orí ń fọ́ mi. Bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn, ìmọ́lẹ̀ ń gún mi lójú."

Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ọrùn rẹ̀ ti gan bí igi. Sànkàráù ni àwọn Hausa ń pè é, àrùn yírùnyírùn tó máa ń bá ooru àti eruku wá. Kò sí bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo nílé ìwòsàn tí a gbé e lọ. Orí ẹní ni wọ́n tẹ́ àwọn ọmọ sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá mi jókòó tì í, ó ń ki oríkì rẹ̀ sí i létí. Ẹ̀gbọ́n mi kú kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, ìyá mi kó ẹní rẹ̀, aṣọ rẹ̀ àti gbogbo ìwé náà sí àgbàlá, ó dáná sí wọn. Mo di ọ̀kan mú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sílẹ̀ fún mi."

"Ọwọ́ rẹ̀ ló kan gbogbo wọn. Ṣé ìwọ náà fẹ́ bá a lọ ni?"

Omijé ń dà lójú rẹ̀. Mo ju ìwé náà sínú iná.

Bàbá mi ṣì ń fi irú wọn di ìṣó lẹ́yìn náà. N kì í fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n mò ń wo èèpo iwájú rẹ̀. Orúkọ ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn jù bẹ̀rẹ̀ sí í kéré lábẹ́ orúkọ ìwé mìíràn. Nígbà tó yá, a kò rí i mọ́. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé bí ìwé wọ̀nyẹn ṣe ń kú nìyẹn: èyí tó ń tà á gbé èyí tí kò tà mì. Tẹlifíṣọ̀n tún wá jẹ nínú èyí tó kù. Díẹ̀ ló ṣẹ́ kù lónìí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, inú fóònù lẹ ti ń wo àwòrán tiyín, n kò bá yín jà. Èyí tó ń dùn mí yàtọ̀. Láìpẹ́ yìí, wọ́n pe àwọn ọmọ àdúgbò wa wá gba abẹ́rẹ́ tó ń dènà sànkàráù, irú èyí tí ẹ̀gbọ́n mi kò rí gbà, mo sì mú àbíkẹ́yìn ọmọ ọmọ mi lọ. Ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó sáré padà sídìí eré rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ náà lọ.