Obìnrin Inú Géèmù Tó Kọ̀ Mí Sílẹ̀

Lọ́dún tí ọkọ mi lé mi jáde, ilé bàbá wa ní Ìta Fájì ni mo padà sí. Ìdí kọ̀ǹpútà àlòkù tí àbúrò mi ọkùnrin fi ń kọ́ṣẹ́ ni mo ń jókòó sí látàárọ̀. Géèmù kan wà nínú rẹ̀ tí jagunjagun obìnrin kan ti ń bá èèyàn rìnrìn àjò. Tí mo bá hùwà ìkà, á bá mi wí. Mi ò kà á sí. Lọ́jọ́ kan, mo pa olè kan tó ti kúnlẹ̀, tó ń bẹ̀bẹ̀. Obìnrin náà ní òun ò lè bá mi lọ mọ́, ó sì yà kúrò lọ́nà.

Mo pariwo pe àbúrò mi: "Jọ̀ọ́, bá mi dá a padà!"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó rí ojú mi. Ó gbìyànjú títí.

"Àǹtí mi, kò ṣeé ṣe. Àfi kẹ́ ẹ tún un bẹ̀rẹ̀."

Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ olè náà, mo dá a sí. Mo ń retí kí obìnrin náà yìn mí. Ńṣe ló kàn ń tẹ̀ lé mi lọ, kò fi mí sílẹ̀. Mo gbórí lé tábìlì, mo bú sẹ́kún.