Obìnrin Tí Wọ́n Ń Pè Ní Jẹ́ńtù

Àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Jẹ́ńtù, ìyẹn “gentle” àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, wọn ò sì fi yìn ín. Ní wọ́ọ̀dù àwọn tí iná jó, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá ni wọ́n ń kan sáárá sí. Bí àwọn yòókù bá ti wẹ egbò ẹni mẹ́rin, òun á ṣì wà lórí ẹnì kan, á máa fi omi iyọ̀ rin báńdéèjì díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tú láìfa awọ. Mátírọ̀n a dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ní kí wọ́n bá òun bi Jẹ́ńtù bóyá ó ń dúró kí egbò náà jinná fúnra rẹ̀ ni. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í dénú.

Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kú kó tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ. Bí ó bá ti fọ́ àwo, obìnrin náà a ní ọmọ tí kò nílé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn bá a dàgbà.

Ìgbà tó yá, wọ́n gbé bàbá olùkọ́ kan dé tí gáàsì bú gbàmù mọ́ ní ilé ìdáná. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kó tó fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jó dé ìgúnpá, ṣùgbọ́n iná ò kan ẹnu rẹ̀ rárá. Nọ́ọ̀sì kan ló fa báńdéèjì rẹ̀ tagbáratagbára, láti ọjọ́ náà ni bàbá ti ń fi èébú lé gbogbo wọn jáde. Egbò bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Mátírọ̀n ní kí wọ́n pe Jẹ́ńtù. Kì í ṣe pé ó gbẹ́kẹ̀ lé e, kò sẹ́lòmíì tó kù ni.

Jẹ́ńtù jókòó ti bàbá, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní kí bàbá fúnra rẹ̀ sọ ìgbà tí òun yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí òun yóò dúró. Ìgbà mọ́kànlá ni bàbá ní kó dúró, ìgbà mọ́kànlá náà ló dúró. Wákàtí méjì gbáko ni wọ́n lò, bàbá ò sì ké lẹ́ẹ̀kan.

Báyìí ni wọ́n ṣe fún ọ̀sẹ̀ méje. Nígbà tí ara ti ń yá, bàbá bi í léèrè ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Jẹ́ńtù. Ó ní torí pé òun máa ń falẹ̀ ni.

Bàbá mirí. Ó ṣàlàyé pé nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ àwọn Faransé, kò kan ọwọ́ tó rọ̀. Inú èdè Látìnì ló ti ṣẹ̀ wá, ẹni tó bá àwọn kan jẹ́ ìran kan náà ni wọ́n ń fi pè. Nígbà tó yá, ó di ẹni tí a bí sílé ire. Wọ́n wá ń retí pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ á mọ̀wà á hù sí ọmọnìkejì rẹ̀, títí ìwà fi gba orúkọ náà mọ́ ìdílé lọ́wọ́.

“Ọmọ bíbí ire ni wọ́n ń pè ẹ́ látọjọ́ yìí,” ni bàbá wí. “Wọ́n ń kì ẹ́, wọn ò mọ̀.”

Jẹ́ńtù gbé abọ́ omi, ó lọ dà á nù, ó sì pẹ́ nídìí ẹ̀rọ omi kó tó padà.

“Bàbá, èmi ò mọ ilé kankan tí mo lè pè ní tèmi o.”

“Ṣebí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ẹ pé ìwà ti gba orúkọ náà lọ́wọ́ ilé ni?”

Lọ́jọ́ yẹn, fún ìgbà àkọ́kọ́, nígbà tí wọ́n ké sí Jẹ́ńtù láti òdìkejì wọ́ọ̀dù, ó gbé orí sókè kó tó dáhùn.

Ọjọ́ tí bàbá ń lọ ilé, ó mú bírò, ó fi ìka tó ti jó tẹ́lẹ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú ìwé níwájú Mátírọ̀n. Mátírọ̀n wo ọwọ́ náà títí.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Jẹ́ńtù ń wẹ egbò ẹsẹ̀ obìnrin kan nígbà tí Mátírọ̀n wọlé. Kò dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́tẹ̀ yìí. Ó ká apá aṣọ sókè, ó gba abọ́ omi iyọ̀ mú, ó sì béèrè bí ó ṣe yẹ kí báńdéèjì rin pẹ́ tó.

“Títí tí yóò fi tú fúnra rẹ̀ ni, Mà,” ni Jẹ́ńtù dáhùn.

Kò kánjú. Mátírọ̀n sì di abọ́ náà mú títí ó fi parí.