Ohun Tí Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ Fẹ́ràn Yàtọ̀ sí Bọ́ọ̀lù

"Màmá, yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù, kí ni bàbá mi fẹ́ràn?"

Ọmọbìnrin Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ ló bi mí bẹ́ẹ̀, lórí ìdúró, nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń fọ aṣọ àwọn oníbàárà tí mo sì ń lọ̀ ọ́. Mo gbé ayọ́ọ̀nù nàró kí n lè dá a lóhùn dáadáa, nítorí ó dá mi lójú pé mo mọ ìdáhùn. Láti ìgbà tí irun àwa méjèèjì ṣì dúdú ni èmi àti bàbá rẹ̀ ti ń jókòó pọ̀ ní pápá ìṣeré, ní gbogbo Sátidé tí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ bíríkì bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo mọ ìgbà tí yóò bú rẹfirí. Mo mọ ìgbà tí yóò fi ọwọ́ bojú. Mo mọ irú ikọ́ tí í wú bí wọ́n bá fẹ́ gbá pẹnáritì sí wa. Mo la ẹnu. Òfìfo ni mo bá níbẹ̀.

"Ó fẹ́ràn ẹ̀pà," ni mo ní.

Ọmọ náà wò mí. "Ẹ̀pà nìkan, Màmá?"

"Ẹ̀pà sísun."

Kì í ṣe ìtọpinpin ló gbé e wá. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ó ti ṣubú lójú mi lórí àtẹ̀gùn pápá ìṣeré, ẹni méjì ló gbé e dìde. Ó sì ń dá gbé nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ti kọ́kọ́ mú un lọ sílé, ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí bàbá fi palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ tó padà wálé. Ọmọbìnrin yìí wá fẹ́ mú un lọ sí ìlú tirẹ̀, tó jẹ́ ìrìn-àjò odindi ọjọ́ kan, ó sì ń tún yàrá ṣe dè é.

"Bí yàrá yìí náà kò bá bá a lára mu, á tún sá ni," ó ní. "Bó bá wá dá ṣubú níbí, ta ni yóò gbọ́? Mo bi òun fúnra rẹ̀, ó ní ohun gbogbo ló dára. Ilé ìyá ìyá mi ni mo dàgbà sí, Màmá. Mi ò mọ̀ ọ́n tó bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n."

Mo ní kí ó fún mi láyè di ìparí sáà bọ́ọ̀lù. Ó ti lọ kí n tó ro ohun tí mo gbà láti ṣe yé ara mi. Bí mo bá ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi yóò ṣófo. Bí mo bá ṣe é ní ìdajì, ọ̀rẹ́ mi yóò padà wá bá mi, pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n, lórí àtẹ̀gùn yẹn kan náà.

Ọjọ́ tí wọ́n gbá góòlù mẹ́fà wọ ilé wa ni a mọra. Òjò ń rọ̀, èrò ti túká, ó ku èmi lápá kan, ó ku òun lápá kan. Ó sún mọ́ mi, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ yín ni góólì tó ń ṣọ́lé wa yẹn ni?"

"Rárá o. Ṣé ọmọ tiyín ni?"

"Ká ní ọmọ mi ni, mi ò bá ti lọ sílé tipẹ́."

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń jókòó pọ̀. Èmi a gbé tíì dání nínú fúláàsìkì, òun a gbé ẹ̀pà dání nínú bébà. Bí eré kò bá tíì le, a ó máa pọ́n ara wa lé: ẹ jókòó, ẹ rọra, ẹ ṣeun. Bí eré bá le, ọ̀wọ̀ a fò lọ. "Ìyá yìí, o ò rí i pé ó fọwọ́ kàn án ni?" "Bàbá, lọ ra awò ojú!" Bí fèrè ìparí bá dún, àwa méjèèjì a tún di àgbà.

Àwọn tó ṣáájú wa ní awọ fẹ́lẹ́ ló bonú tí kò jẹ́ ká rí ikùn aṣebi. Ẹ̀wù ẹgbẹ́ ló bo ti ọ̀rẹ́ mi, kì í sì í ṣe aṣebi.

Ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ohun tí gbogbo àdúgbò mọ̀ lọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ há sábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta kan. Ẹni tó bá sanra, ẹ̀yìn ni yóò fi jáde. Àwọn kọ́kọ́rọ́ tí kò tíì ní eyín kọ́ sára ògiri lórí ìṣó, èérún idẹ sì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí kò bá mọ̀ ọ́ rí, kò ní gẹ́ kọ́kọ́rọ́ fún ọ, àfi bí ó bá tẹ̀ lé ọ délé, tó fojú ara rẹ̀ rí i pé o ṣílẹ̀kùn tí ará ilé sì kí ọ káàbọ̀. Àwọn mìíràn a máa kùn pé ó ń fi àsìkò àwọn ṣòfò. Á ní, "Ilẹ̀kùn ò lẹ́nu. Èmi ni mò ń bá a bèèrè."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí a ṣe ń pa àmúkùrù tó bà síbi tí ẹnu àgbà kò gbọdọ̀ dárúkọ.

"Bàbá, àwọ̀ wo lẹ fẹ́ràn?"

"Kí ló dé? Ṣé ẹ fẹ́ kùn mí ni?"

"Mo kàn bèèrè ni."

"Ẹ bi góólì wa léèrè ìdí tó fi ń sùn."

Mo dúró de góòlù. Nígbà tí ẹgbẹ́ wa gbá ọ̀kan wọlé tí inú rẹ̀ dùn, mo fọwọ́ kan ẹ̀wù ẹgbẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀, mo ní, "Ó dájú pé àwọ̀ ewé ni."

Ó fa ẹ̀wù náà kúrò lára bíi pé ó ń jó o. "Èyí? Èébì ló máa ń gbé mi bí mo bá rí àwọ̀ yìí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo dùbúlẹ̀ àìsàn pẹ́ nínú yàrá kan tí wọ́n kùn báyìí látòkè délẹ̀."

"Ẹ sì ń wọ̀ ọ́ ní gbogbo Sátidé?"

"Ẹgbẹ́ ni mo fẹ́ràn. Ta ló ní mo fẹ́ràn aṣọ wọn?"

Mo padà dé ṣọ́ọ̀bù, mo ń ro aṣọ rẹ̀ tí mo ti fọ̀ rí. Aláwọ̀ aró, aláwọ̀ eérú, èyí tó pọ́n bí iyanrìn, ṣòkòtò dúdú tí eruku idẹ kì í tán lápò rẹ̀. Kò sí àwọ̀ ewé nínú wọn àfi ẹ̀wù kan yẹn. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni ó ti ń fì lójú okùn ìsáṣọ mi, n kò sì rí i.

Kí ó tó ṣubú, òun fúnra rẹ̀ ni í wá gba aṣọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo dì í, mo gbé e lọ fún un. N kò wọ yàrá ẹ̀yìn yẹn rí. Mo wo ilẹ̀kùn rẹ̀, mo tún un wò: kò ní àgádágodo, kò ní ihò kọ́kọ́rọ́. Òkúta kan ló fi tì í kí ó má baà padé.

"Bàbá! Ẹ̀yin tí ẹ ń bá gbogbo ayé tilẹ̀kùn!"

"Àárọ̀ dalẹ́ ni mò ń gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́. Ṣé kí n tún máa gbọ́ ọ lójú oorun ni?"

Ẹsẹ̀ dún lórí àtẹ̀gùn lókè wa. Ó gbé ìka kan sókè. "Nọ́ọ̀sì ilé òkè nìyẹn. Gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ ti òsì ti jẹ lápá kan." Òmíràn tún kọjá, jẹ́jẹ́. "Tíṣà. Bó bá ti ń yọ́ rìn báyìí, ìyàwó rẹ̀ ń bínú ni." Ojú rẹ̀ ń tàn bí ojú ẹni tó ń wo pẹnáritì tiwa. Ó ní ohun tí òun fẹ́ràn jù láyé nìyí, kí òun dùbúlẹ̀ kí òun máa gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí gbogbo wọn yóò fi pé. Kí wọ́n tó pé, oorun kì í kùn ún.

"Nílé ọmọ yín ọkùnrin ńkọ́?"

"Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n fún mi. Ó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi dà bíi pé wọ́n ti sin mí, tí wọ́n gbàgbé láti sọ fún mi."

A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó tẹjú mọ́ mi. "Ìyá Alágbàfọ̀, ta ló rán yín sí mi?"

"Ọmọ yín obìnrin ni."

"Mo mọ̀. Ẹ kì í sọ̀rọ̀ tó báyìí." Ó gba aṣọ lọ́wọ́ mi, ó tò ó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, aṣọ òkè pátápátá yọ̀, èmi náà ṣe bíi pé n kò rí i. "Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ kí n lọ?"

"Mo fẹ́ kí ẹ má ṣubú mọ́."

"Ìdáhùn lọ́yà nìyẹn," ó ní.

Ní Sátidé tó kẹ́yìn sáà, ó sọ fún mi pé òun yóò lọ wo yàrá náà. Bí ó bá dára, òun yóò dúró. Bí kò bá dára, kí n máa retí òun ní ìjókòó wa lọ́jọ́ tí sáà tuntun bá bẹ̀rẹ̀. Nígbà ìsinmi àárín eré, mo bu tíì fún un bí mo ṣe ń ṣe, mo sì rántí pé ó ku ohun kan tí n kò tíì bèèrè.

"Kí lẹ máa ń mu nílé?"

"Tíì."

"Irú tèmi yìí?"

Ó kọjú sí pápá. "Ẹ jẹ́ ká wo bọ́ọ̀lù."

"Ìsinmi ni wọ́n wà."

"Ẹ jẹ́ ká wo koríko nígbà náà."

"Bàbá."

Ó gbé ife náà kalẹ̀ sórí orúnkún. "Ìyá Alágbàfọ̀, mi ò fẹ́ràn ṣúgà. Láti kékeré ni. Tiyín yìí, ṣíbí lè dá dúró nínú rẹ̀."

"Ẹ sì ti ń mu ún láti ọjọ́ tí a ti mọra?"

"Ẹ̀yin lẹ bù ú fún mi. Ṣé kí n dà á sílẹ̀ ni?"

Inú mi kọ́kọ́ bàjẹ́, àfi bí ẹ̀rín ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí. Mo ti ọwọ́ bọ àpò, mo mú ẹ̀pà tó fún mi lọ́jọ́ náà jáde, ó pé síbẹ̀. Mo sọ òótọ́ fún un pé ó pẹ́ tí eyín mi kò ti gba ẹ̀pà mọ́, àwọn ẹyẹlé orí òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi ló ń jẹ ẹ́.

Ó la ẹnu, kò lè pa á dé. "Ẹyẹlé! Mò ń ṣa èyí tó tóbi fún yín!"

"Wọ́n ń kí yín. Wọ́n ti sanra."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, àwọn tó wà níwájú bojú wẹ̀yìn, wọ́n rò pé góòlù ti wọlé lásìkò ìsinmi. Mo ní, "Lọ́jọ́ tí sáà tuntun bá bẹ̀rẹ̀, fúláàsìkì méjì ni n ó gbé wá. Tiyín kò ní rí ṣúgà sójú."

"Gbèsè nìyẹn o."

"Mo gbà."

Ọmọbìnrin rẹ̀ dé lọ́sẹ̀ náà láti wá gbọ́ èsì. Mo ní kí ó má fi àwọ̀ ewé sí yàrá. Ó fọwọ́ lérí: ó ti ra aṣọ fèrèsé àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ewé ni gbogbo rẹ̀, nítorí ẹgbẹ́. Mo ní kí ó fi wọ́n sí yàrá mìíràn. Mo ní kí ó wá tábìlì tó nípọn, kí bàbá lè máa fi irin àti idẹ ṣeré lórí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní gẹ́ kọ́kọ́rọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo sọ ti tíì.

Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Màmá, èyí tó kù ti dára. Yàrá ẹ̀yìn ni mo fún un. Ó dákẹ́ rọ́rọ́, ariwo kan kò dé ibẹ̀. Á sinmi."

Mo gbé ayọ́ọ̀nù lé apá ẹ̀wù kan. Mo lọ̀ ọ́, mo yí i padà, mo tún lọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tó ní kí n purọ́. Bí mo bá kàn dákẹ́ bí yàrá yẹn ṣe dákẹ́, ọ̀rẹ́ mi yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, èmi kọ́ ni mo sì lé e wálé. Apá ẹ̀wù náà ti gbóná kọjá bó ṣe yẹ kí n tó gbé ayọ́ọ̀nù kúrò.

"Má fi bàbá rẹ sí yàrá ẹ̀yìn," mo ní. "Èyí tó bá sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù lọ ni kí o fún un."

"Ariwo pọ̀ níbẹ̀, Màmá! Àwọn ọmọ mi ń wọlé jáde, ọkọ mi ń ti ibi iṣẹ́ dé, bàtà ló ń dún gbàgàgbàgà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru."

"Ohun tí bàbá rẹ fẹ́ràn nìyẹn. Yọ àgádágodo ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú, kí o fún un ní òkúta kan tí yóò máa fi tì í."

Ó wò mí bí ẹni tí ń wo arúgbó tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó gbọ́ràn ni, ó ṣe é.

Ọjọ́ tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, mo gbé fúláàsìkì méjì lọ sí pápá. Mo so òwú dúdú mọ́ ọrùn tirẹ̀ kí n má baà ṣì í mú. Mo gbé e sórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi. Ẹnìkan fẹ́ jókòó síbẹ̀, mo ní ó ní ẹni tó ń bọ̀. Èrò kún, eré bẹ̀rẹ̀, mo ń wo àtẹ̀gùn ju bí mo ṣe ń wo bọ́ọ̀lù lọ. Wọ́n fọn fèrè ìsinmi, kò sí ẹni tó ń bọ̀.

Fóònù mi dún.

"Ìyá Alágbàfọ̀! Kí ni èsì?"

"Wọ́n ti gbá méjì wọlé wa. Góólì ṣì ń sùn."

"Èmi náà ń sùn. Ẹ gbọ́ ohùn mi bí? Mo ń sùn bí ọmọ ọwọ́." Ilẹ̀kùn kan dún gbàgà lẹ́yìn ohùn rẹ̀, ọmọdé kan sì kígbe. "Ẹ gbọ́? Ọmọ ọmọ mi nìyẹn, ó máa ń fi orí ṣílẹ̀kùn ni. Ta ló sọ ti òkúta fún ọmọ mi?"

"Ẹ fi òkúta sílẹ̀. Ṣé ẹ ti ṣubú?"

"Mi ò tíì ṣubú. Tíì mi ńkọ́?"

Mo wo fúláàsìkì olówùú dúdú náà. "Ó wà ní ìjókòó yín. Ó gbóná."

"Ẹ ṣì jẹ mí nígbèsè nìyẹn o."

"Mo mọ̀," mo ní.

Lẹ́yìn eré, mo gbé e padà sílé bí mo ṣe gbé e wá, n kò ṣí i. Láti ìgbà náà, mo ń gbé méjì lọ. N kò tíì san án.