Bí Mo Ṣe Ń Sin Mọ́mì Dé Ibùdó Bọ́ọ̀sì

Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo máa ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ mi gba òpópónà Rye Lane nílùú ọba níbí lọ sí gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn sínágọ́gù, níbi tí àwọn ọmọ kéékèèké ti ń ṣeré. Mùsùlùmí ni mí, híjáàbù wà lórí mi, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan kan rí níbẹ̀. Màmá àgbà kan tó jẹ́ Júù ló ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀. Mọ́mì ni mò ń pè wọ́n. Lọ́jọ́ tí ọmọ mi ké tí kò dákẹ́, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "Lọ jókòó, mu tíì ẹ." Látìgbà tí mo ti bímọ, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Àfi bí ẹnì kan ṣe tutọ́ sí wọn lára ní ibùdó bọ́ọ̀sì, nítorí ìràwọ̀ tó jẹ́ àmì àwọn Júù, tó wà lára ẹ̀gbà ọrùn wọn. Wọn ò wá mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì, ilẹ̀kùn wà ní títì, èmi àti ọmọ ń wo ara wa nínú fúláàtì.

Ìjọ sínágọ́gù náà wá pe ìpàdé, wọ́n ní kí àwa ìyá ọlọ́mọ náà wá. Ẹnì kan ní kí wọ́n yọ pátákó orúkọ sínágọ́gù kúrò níwájú ilé. Òmíràn ní kó jẹ́ ọmọ ìjọ nìkan ni yóò máa wọlé. Bó ṣe ń sọ ọ́, kò lè wò mí lójú. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní, "Ẹ má máa dúró sọ̀rọ̀ ní géètì. Tẹ́ ẹ bá ti jáde, kí kálukú máa lọ."

Mo dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, nílé tiwa, a kì í jẹ́ kí àlejò dá lọ. A máa ń sìn ín ni."

"Títí dé ibo?" Mọ́mì ló bèèrè, láti ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá. Wọn ò tilẹ̀ bọ́ kóòtù.

"Títí ọ̀rọ̀ á fi tán, mà."

"Ìwọ yìí? Ọ̀rọ̀ ẹ kì í tán!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá kọ orúkọ sílẹ̀, ẹni tí yóò máa mú àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan wá, tí yóò sì sìn ín padà. Orúkọ mi bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti Mọ́mì.

Ọkọ mi fárígá. "Èébú tí wọ́n ń bú ìwọ fúnra ẹ nítorí híjáàbù ò tíì tó ẹ, àbí? O tún fẹ́ gbé ọmọ lọ gba ti ẹlòmíì."

Òótọ́ ló sọ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí a ṣe ń padà, ọrùn mi ò dúró lójú kan. Ọkùnrin kan sáré bọ̀ lẹ́yìn wa, mo gbá Mọ́mì lọ́wọ́ mú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ti kẹ̀kẹ́ ọmọ lu ògiri. Bọ́ọ̀sì ló ń lé. Ojú tì mí.

Ní ibùdó, Mọ́mì fa síìpù kóòtù dé àgbọ̀n, ìràwọ̀ náà ò hàn mọ́. "Máa lọ. O ti sìn mí tó."

"Ẹ ò tíì parí ọ̀rọ̀ ìyàwó ọmọ yín tí ẹ ń sọ bọ̀."

Bọ́ọ̀sì wọn dé, ó ṣílẹ̀kùn. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí.

"Ó ní ọbẹ̀ adìẹ mi ò níyọ̀!"

Wọ́n jẹ́ kí bọ́ọ̀sì lọ. Wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ, èmi náà ń dáhùn, mo sì ń wẹ̀yìn.