Ìkíni Gígùn Màmá Darkuman

Bankú, òkèlè àgbàdo kíkan, ni mò ń rò lọ́wọ́ nígbà tí àbúrò mi obìnrin pè pé òun ti yege ìdánwò nọ́ọ̀sì. Háà! Mo fi orógùn jó yí ìkòkò ká. Ẹni tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni ẹ̀gbọ́n ìyá wa tó gbé ládùúgbò Darkuman, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn.

Màmá yẹn ò mọ ìkíni kúkúrú. Tí o bá ti kúnlẹ̀, wọ́n á béèrè ilé, ìwé, oúnjẹ tí o jẹ, títí dórí ewúrẹ́ aládùúgbò, o ò sì gbọdọ̀ dìde. Tá a bá ráhùn, wọ́n á ní, "Ẹnu lè parọ́. Ẹ jẹ́ n wojú yín."

Lọ́jọ́ kan, wọn ò tíì dórí ewúrẹ́ tí àbúrò mi yìí, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà náà, fi sùn lọ lórí ìkúnlẹ̀, tó ń hanrun. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Màmá nìkan ni ò rín. Wọ́n gbé àgbọ̀n ẹ̀ sókè.

"Ọmọ mi, kí lo lò?"

"Tírámádọ́ọ̀lù ni, Màmá, oògùn ìrora yẹn. Ọ̀rẹ́ mi ló fún mi. Mi ò lè ṣe kí n má lò ó mọ́."

Wọn ò lù ú, wọn ò pariwo. Wọ́n wé gèlè, wọ́n mú un lọ sọ́sibítù. Ọ̀dọ̀ wọn ló gbé títí ara ẹ̀ fi yá, tó ń kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀ lálẹ́.

Mo gbé orógùn sílẹ̀, mo pe ọmọ mi.

"Wá kí mi."

"Mọ́mì, mo ti kí yín láàárọ̀!"

"Tún kí mi. Ọjọ́ tí nǹkan bá ń ṣe ọ́, ibẹ̀ ni màá ti mọ̀. Má tíì dìde o, a ò tíì dórí ewúrẹ́."